Ẹ Bá Mi Dúpẹ́: Ọlọ́run Yọ Ọmọ Mi Lọ́wọ́ Àwọn Tó Yẹ Kó Dáàbò Bò Ó

Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga, ẹ̀yin ará, ẹ̀yin oníbàárà mi ní ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ gbààwẹ̀ nítorí wa tí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀ wá rí. Àkọ́bí mi wà láàyè. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ fọ́tò yíyà. Mo ti jẹ́ ẹ̀rí yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n àkókò tí wọ́n fún mi kò gba ọ̀rọ̀ náà, àwọn kan sì ti bẹ̀ mí ṣáájú pé kí n má wulẹ̀ dá orúkọ ọlọ́pàá sí i. Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tí mo bá yọ ìyẹn kúrò, kí ni mo wá sọ pé Ọlọ́run yọ wá nínú rẹ̀?

Ìgbéyàwó kan ni ọmọ mi lọ yà ní Sátidé ọjọ́ náà. Nígbà tó ń bọ̀ wálé lálẹ́, àwọn ọkùnrin kan dá bọ́ọ̀sì wọn dúró lójú ọ̀nà. Ìbọn wà lọ́wọ́ wọn, múftì ni wọ́n wọ̀, àfi ẹnì kan tó wọ ẹ̀wù dúdú tí wọ́n kọ "Police" sí lẹ́yìn. Wọ́n rí kámẹ́rà, wọ́n rí laptop, wọ́n wo irun orí rẹ̀ tó dì, wọ́n ní ọmọ Yahoo ni. Ó tan kámẹ́rà, ó fi ọkọ àti ìyàwó hàn wọ́n, ó ní kí wọ́n pe ìyá ìyàwó kí wọ́n bi í. Ìgbátí ni wọ́n fi dá a lóhùn. Wọ́n ní kí ó ṣí fóònù, kí ó ṣí áàpù báǹkì, kí àwọn wo iye tó wà nínú rẹ̀. Ó béèrè ohun tí òun ṣe. Wọ́n jù ú sínú ọkọ̀.

Ohun tí wọ́n fi ojú rẹ̀ rí lóru ọjọ́ yẹn, ìwọ̀nba ni n ó sọ, nítorí òun náà á ka èyí. Wọ́n fa apá rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, wọ́n so ìgúnpá mọ́ ìgúnpá, wọ́n fi okùn náà kọ́ irin, wọ́n sì fi pẹlẹbẹ àdá lù ú. Wọ́n ní kí ó fọwọ́ sí sítétímẹ́ǹtì tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún un, pé òun lu òyìnbó kan ní jìbìtì. Ó kọ̀. Wọ́n tún fà á sókè. Ó tún kọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, méjì nínú wọn mú un lọ sọ́dọ̀ oní-POS kí ó lè fa owó tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀ yọ fún wọn. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọwọ́ Ọlọ́run. Alhaja tó ni POS yìí ní ìwé èkósáìsì kan tó máa ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù gbogbo ẹni tó bá gba owó sí. Ó béèrè nọ́ńbà. Ọmọ mi kò pe tirẹ̀, tèmi ló pè, ó ń pè é díẹ̀díẹ̀, ó sì ń wo ojú obìnrin náà. Alhaja rí i pé kò lè di káàdì mú, pé àwọn ọkùnrin yẹn ló bá a kì í bọ inú ẹ̀rọ. Kò sọ nǹkan kan. Ó ka owó fún wọn. Bí wọ́n ṣe kúrò níbẹ̀ báyìí, fóònù mi dún: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ṣé ẹ ní ọmọkùnrin kan tó ga, tó di irun? Àwọn ọlọ́pàá ló mú un dání. Ẹ sáré, ọwọ́ rẹ̀ ò dáa."

Ọsibítù ni èmi àti àbúrò mi ti ń wá a kiri láti àárọ̀. Fóònù rẹ̀ ti kú. Bí Alhaja yẹn bá ní òun ò fẹ́ wàhálà, tó pa ìwé rẹ̀ dé, tó ń bá ọjà rẹ̀ lọ, ta ni ì bá dá a lẹ́bi? Ó ní ọmọ nílé, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí àwọn ènìyàn yẹn ń gbà lójoojúmọ́ ló sì jókòó sí. Ọlọ́run Ọba yóò bá mi san án fún un, tọmọtọmọ.

A dé àgọ́ náà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ọ̀ràn ti wà ní kóòtù. Lára ògiri lẹ́yìn káńtà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé béèlì, ọ̀fẹ́ ni. Abẹ́ àkọlé yẹn gan-an ni ọ̀gá kan jókòó sí tó ń sọ fún mi pé àwọn kò mú ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo kọ̀ tí mi ò kúrò níbẹ̀, òun kan náà ló wá ní bí mo bá lè wá 400,000 náírà, àwọn lè bá mi wò ó.

Obìnrin ọlọ́pàá kan wà níbẹ̀, ọmọdé, mi ò rò pé ó ju ọmọ mi lọ. Nígbà tí mo jáde síta tí mo ń sunkún, ó tẹ̀ lé mi bí ẹni fẹ́ ra omi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń di okùn bàtà rẹ̀, kò gbójú sókè. Ó ní: "Màmá, ọmọ yín wà nínú. Ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ lọ mú lọ́yà wá lónìí, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la." Ó dìde, ó wọlé lọ. Lójoojúmọ́ ni mò ń gbàdúrà fún ọmọ yẹn.

Lọ́yà tí a pè, ẹgbẹ́ akọrin wa ló wà. Ọjọ́ Àìkú ni, aṣọ akọrin sì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó dé. Kò pariwo. Ó bi wọ́n léèrè ìwé tí wọ́n fi sọ fún ọmọ mi ohun tí wọ́n torí rẹ̀ mú un, nítorí abala 35 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 ní wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Ó ní bí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé e dé iwájú adájọ́. Ó ní òfin tó ta ko ìdánilóró, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2017, lè sọ ẹni tó bá dá ènìyàn lóró sẹ́wọ̀n tó tó ọdún 25. Lẹ́yìn náà ló yọ bírò, ó ń kọ orúkọ tó wà láyà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan fi ọwọ́ bo tirẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá, ọmọ tí wọn kò mú rárá jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì, láìsan kọ́bọ̀.

Bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ nígbà tó jáde. Mo bínú, mo ní kí ló dé tí kò de ẹ̀wù rẹ̀, àfi ìgbà tí mo rí ọwọ́ rẹ̀. Ó ti wú débi pé òrùka rẹ̀ ti wọnú ẹran. Èmi ni mo de bọ́tìnnì náà fún un níwájú gbogbo wọn. Ní ọsibítù, wọ́n ní láti gé òrùka náà. Dókítà ní okùn tí wọ́n so mọ́ ọn ti ba iṣan tó ń jẹ́ kí ọwọ́ mọ nǹkan lára jẹ́. Ó lè mú ife tíì gbígbóná kó má mọ̀ pé ó gbóná. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, èmi ni mò ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu, ọmọkùnrin tó ti ń san owó ilé fún ara rẹ̀. Àwọn tó ń bá a ṣe ọwọ́ ní kó máa ṣa ẹ̀wà láti inú abọ́ kan sí èkejì, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń ṣe é títí tí òógùn á fi bò ó, ẹ̀wà á sì fọ́n ká ilẹ̀, n ó máa kó o. Ẹ bá mi yọ̀ o, ó ti ya fọ́tò ìsọmọlórúkọ! Òun fúnra rẹ̀ ló di kámẹ́rà mú.

Àwọn ènìyàn rere, tí mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn mi, ní kí n dúpẹ́ kí n sì fi mọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ṣé wọn kò pa á, ṣé kò kú. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: Ọlọ́run ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò jẹ ẹni tó so ọmọ mi kọ́ irin ní ọpẹ́ nítorí pé kò pa á. Àwọn ìyá kan wà tí wọn kò rí ẹni tí wọ́n máa bá de bọ́tìnnì. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń wọ́de nítorí ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní SARS, ọ̀dọ́mọkùnrin kan kú síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kéde pé wọ́n ti tú SARS ká, ẹ̀ka tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1992 torí àwọn adigunjalè. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2022, ọlọ́pàá yìnbọn pa agbẹjọ́rò obìnrin kan tó lóyún sínú, nínú ọkọ̀ ní Ajah. Ẹbí rẹ̀ kò fi sílẹ̀, ìjọba Èkó gbé ọ̀ràn náà lọ sí kóòtù, ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 sì ni ilé ẹjọ́ gíga dá ẹjọ́ ikú fún ọlọ́pàá náà. Ẹjọ́ yìí ni mo sọ fún ọkọ mi nígbà tó ní ta ló ń bá ìjọba jà.

Ọlọ́pàá ni bàbá tó bí mi. Inú bárékè ni mo ti dàgbà. Àwọn ará àdúgbò máa ń kan ilẹ̀kùn wa lóru: ọkọ ń lu ìyàwó, olè ń fọ́ ilé, ọmọ sọnù. Bàbá mi á wọ ṣòkòtò rẹ̀, á gbé tọ́ọ̀ṣì, á tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó kú, àwọn tó ti tì mọ́lé rí wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Nígbà tí olè fọ́ ìsọ̀ lọ́wọ́ ìsàlẹ̀ wa ní Ìtòkú, kò sí obìnrin kan tó fẹ́ lọ fi sùn. Wọ́n ní a ó tún wá owó epo ọkọ̀ fún wọn, a ó tún wá owó ìwé, kí wọ́n má tún lọ mú ọmọ ẹni tó lọ fẹjọ́ sùn. Olè ló jèrè ẹ̀rù yẹn. Ọmọdébìnrin tó di okùn bàtà níwájú mi sì ń wọ aṣọ kan náà pẹ̀lú àwọn tó fa ọmọ mi sókè, àwọn ará ìlú kò lè mọ ìyàtọ̀.

A ti kọ ìwé ẹ̀sùn sí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, lọ́yà wa sì ti pe ẹjọ́ sí ilé ẹjọ́ gíga lábẹ́ abala 46 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa. Wọ́n ti rán àgbà wá bẹ̀ wá. Mo fún wọn lómi, mo tẹ́ àga fún wọn, mo sì sọ fún wọn pé ẹjọ́ náà ń lọ. Alhaja ní òun máa gbé ìwé èkósáìsì òun wá sí kóòtù, ọjọ́ náà àti iye owó náà wà níbẹ̀, òun ló fi ọwọ́ ara òun kọ ọ́.

Ẹ bá mi gbàdúrà fún un, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyà jẹ ẹ́ nítorí oore tó ṣe mí. Ẹ bá mi gbàdúrà fún ọmọdébìnrin ọlọ́pàá yẹn, kí ó dàgbà sẹ́nu iṣẹ́ náà, kí ó di ọ̀gá. Lẹ́yìn ìsinmi kóòtù ni ìgbẹ́jọ́ wa. Ẹnikẹ́ni tó bá wà ní Abẹ́òkúta tó lè wá bá wa jókòó lọ́jọ́ náà, kó jọ̀ọ́, kó wá. Ọmọ mi ní òun máa sọ tẹnu òun fúnra òun. Ògo ni fún Ọlọ́run.