Àwa mẹ́wẹ̀ẹ̀wá la wà nílé: ẹ bá mi dúpẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti ń béèrè pé kí ló dé tí ẹ ò gbúròó ìyá ọlọ́mọ méje mọ́, mo dé o. Mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní gbangba. A kì í ṣe ọlọ́mọ méje mọ́, ọlọ́mọ mẹ́jọ ni wá. Ọmọbìnrin wa tó dé gbẹ̀yìn pé ọ̀sẹ̀ 14 lánàá, ó wọn kílò 4.2, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, ó ń sùn. Èmi náà sì wà láàyè. Mi ò sọ ìyẹn lásán o. Ọjọ́ kan wà tí àwọn tó mọṣẹ́ ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún ọkọ mi pé èmi àti ọmọ yóò jọ jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ ilé wa rí mọ bó ṣe máa ń rí. Àkọ́bí wa obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 16. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ 13, ìkẹta jẹ́ ọmọ 11, àwọn ìbejì jẹ́ ọmọ 8, èyí tó tẹ̀ lé wọn jẹ́ ọmọ 5. Àbúrò wọn ọkùnrin, tó jẹ́ àbíkẹ́yìn títí di ìgbà yẹn, kò tíì ju ọdún 2 lọ, orí àyà mi ló sì máa ń sùn sí. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo láàárọ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ló sọnù. Bí ẹ ò bá gbọ́ ariwo rárá, ẹ tètè lọ wò wọ́n.

Oyún yìí ti lé ní ọ̀sẹ̀ 30 nígbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti rọbí ṣáájú rẹ̀, mo sì rò pé kò sí ohun tí oyún lè gbé wá tí mi ò tíì rí. Mo ní iṣẹ́ ilé ló ń rẹ̀ mí. Nígbà tó di ọjọ́ kejì tí kò lọ, mo lọ síbì kan tí wọ́n ti ń tọ́jú aboyún. Wọ́n ní wàhálà ọmọ ló pọ̀ jù fún mi, kí n lọ sùn. Wọn ò wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, wọn ò yẹ ìtọ̀ mi wò. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, mo sì ti dárí jì wọ́n tọkàntọkàn, àmọ́ ó ṣì ń dùn mí, nítorí ohun tí wọn ì bá ṣe kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ọmọ ọdún 13 ló rí ohun tí wọn ò rí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ń kó abọ́ kọjá níwájú mi, ó dúró. Ó ní, "Màmi, ojú yín wú. Ẹ wo òrùka yín." Mo wo ọwọ́ mi. Òrùka ìgbéyàwó mi ti rì sínú ẹran, ìka náà ń dán bí ohun tí wọ́n fi òróró pa. Ọmọ yìí ò dúró gbọ́ èsì. Ó sáré lọ bá bàbá rẹ̀: "Dádì, ẹ wá wo Màmi, ara wọn ò yá." Bàbá àwọn ọmọ wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n ní, "Ìyá àwọn ọmọ, dìde, a ń lọ." Mo ní ẹ jẹ́ kílẹ̀ mọ́. Wọ́n ní rárá. Ẹ bá mi dúpẹ́ fún "rárá" yẹn.

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, ìfúnpá mi jẹ́ 172 lórí 114. Tó bá ti tó 140 lórí 90 nínú oyún, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti sùúrù. Nọ́ọ̀sì tó wọ̀n ọ́n ò sọ nǹkan kan, ó bọ́ sí apá kejì, ó tún un wọ̀n, ó wá rọra di ọwọ́ mi mú. Èròjà purotéènì ti kún inú ìtọ̀ mi. Dókítà pe orúkọ rẹ̀ ní preeclampsia, ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún tó máa ń yọjú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, tó lè ba kídìnrín àti ẹ̀dọ̀ jẹ́, tó sì lè gun orí ọpọlọ. Èmi rò pé àwọn tó ń lóyún fún ìgbà àkọ́kọ́ ló ń ṣe. Òótọ́ ni pé ó wọ́pọ̀ láàárín wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún náà wà nínú ewu rẹ̀, mo sì ti pé 41. Wọ́n fi oògùn kan tí wọ́n ń pè ní magnesium sulphate sí mi lára kí gìrì má bàa gbé mi. Ara mi gbóná janjan bí ẹni pé wọ́n da omi gbígbóná sí mi nínú iṣan. Wọ́n tún fún mi ní abẹ́rẹ́ méjì, wákàtí 24 wà láàárín wọn, kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè gbó díẹ̀ sí i, nítorí kò sí oògùn tó ń lé àìsàn yìí lọ pátápátá. Ọmọ àti ibi ọmọ gbọ́dọ̀ jáde kí ara ìyá tó lè balẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ yẹ́ríyẹ́rí, abẹ́ egungun ìhà mi lọ́tùn-ún sì ń ro mí gógó. Wọn ò dúró mọ́. Ọ̀sẹ̀ 31 ni ọmọ yìí jáde, wọ́n la inú mi gbé e. Kílò 1.3. Mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dà bí ti ọmọ ológbò, wọ́n gbé e kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Dókítà ṣàlàyé fún ọkọ mi pé ilé ọmọ tó ti gbé ọmọ lọ́pọ̀ ìgbà lè rẹ̀ débi tí kò ní fún pọ̀ mọ́. Àpò ẹ̀jẹ̀ méjì ni wọ́n fà sí mi lára kí ó tó dáwọ́ dúró.

Nítorí èyí, èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ gbé ọmọ mi. Bàbá rẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n jókòó sórí àga tó fẹ̀yìn tì, ó sì gbé ọmọ tí kò wọ ju ìtẹ́dìí àti fìlà lọ lé wọn láyà, ó fi aṣọ gbá àwọn méjèèjì pọ̀. Kangaroo ni wọ́n ń pe ìtọ́jú yìí. Ìlú Bogotá ní Kòlóḿbíà ni dókítà Edgar Rey Sanabria ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1978, nígbà tí ẹ̀rọ amúmọmóoru ò tó àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé. Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, wákàtí 8 sí 24 lójúmọ́. Ọkọ mi ò mọ ìtàn yìí nígbà yẹn. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé ọwọ́ ọmọ náà ò lè ká orí ìka wọn tó kéré jù lọ, àti pé àwọn ń ka èémí rẹ̀. Bó bá gbàgbé láti mí, ẹ̀rọ á ké, nọ́ọ̀sì á fi ìka ra àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, á tún mí. Wọ́n ní lọ́jọ́ kẹrin, kí nọ́ọ̀sì tó dé, àwọn ti ra á fúnra àwọn.

Èmi wà lórí bẹ́ẹ̀dì níyàrá mìíràn, mò ń ronú nípa méje tó wà nílé. Ìyá ọkọ mi ti wá dúró tì wọ́n, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n àkọ́bí mi mọ̀ pé ọkàn mi ò ní balẹ̀. Ló bá mú ìwé kan, ó kọ "Ìròyìn Ilé" sára rẹ̀, ó ń kọ ojú ìwé kan lójoojúmọ́, bàbá rẹ̀ á sì ya fọ́tò rẹ̀ wá fún mi. Mo ṣì lè ka díẹ̀ nínú wọn lórí.

"Ọjọ́ Ajé. Gbogbo wa jí. Eyín ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ti já ní kíláàsì. Ó ní òun ò gbé e mì, àmọ́ a ò rí i. Àbúrò kékeré béèrè yín lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo ní ẹ lọ mú ọmọ bọ̀. Ó ní kí ẹ dá ọmọ padà kí ẹ máa bọ̀ wálé."

"Ọjọ́rú. A fọ gbogbo aṣọ. Èmi fọ̀, wọ́n ṣan, wọ́n fún, wọ́n sá. Màmá àgbà ní a fún ti àwọn jù."

"Ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ ọdún 5 yín ti mọ okùn bàtà so. Ó ti so ti gbogbo wa. A ò lè tú u."

Ẹ̀yin ará, mo rẹ́rìn-ín débi tí ojú abẹ ń dùn mí. Oògùn ni ìwé yẹn jẹ́ fún mi. Ìgbà tí mo délé tán ni mo rí i pé ojú ìwé kan ya. Mo béèrè. Ó ní lóru ọjọ́ yẹn ara àbúrò kékeré gbóná gan-an, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń fi omi nù ún, Màmá àgbà ń fún un lóògùn, òun kọ ọ́, òun wá rò ó pé ẹ̀rù á bà mí, òun ya á. Ọmọ ọdún 16. Mo gbá a mọ́ra, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án ló burú jù. Kòkòrò àrùn wọ ara ọmọ. Wọ́n dá wàrà tó ń gba inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ wọ imú rẹ̀ dúró, àwọ̀ rẹ̀ di bí eérú, ẹ̀rọ ń ké léraléra. Ẹnì kan tó fẹ́ tù mí nínú ní, "Ẹ má ronú jù, ṣebí méje ṣì wà nílé." Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún mi dé egungun. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ rí, pé ọmọ wa ti pọ̀ jù, bí ẹni pé bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fúyẹ́ sí i. Lóru yẹn mo jókòó ti ọmọ mi, mo ní, "Olúwa, mo mọ̀ pé o ti fún mi ní méje. Mi ò sọ pé wọn ò tó. Èyí ni mò ń bèèrè." Mi ò rí àdúrà mìíràn gbà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí oògùn apakòkòrò ti ń wọlé, àwọ̀ rẹ̀ padà. Halelúyà! Láti ibẹ̀, kò yíjú padà mọ́. Nígbà tó tó ọ̀sẹ̀ 34, bí a bá kà á láti ìgbà oyún, ó kọ́ bí ènìyàn ṣe ń mu, tó ń gbé e mì, tó tún ń mí papọ̀, wọ́n yọ ọ̀pá náà. Wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, ojú rẹ̀ dára. Ọjọ́ kẹrìndínlógójì ni a gbé e wálé, kílò 1.95. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tò síbi omi, wọ́n ń fi ọṣẹ fọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. Àkọ́bí kọ orúkọ mọ́ ògiri: ta ló ń gbé ọmọ láyà ní aago mélòó. Èmi, bàbá rẹ̀, Màmá àgbà, òun alára. Àyà ò wọ́n ọmọ yẹn ní wákàtí kan.

Mo ṣì ń lo oògùn ìfúnpá, mo sì ń wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́. A ṣì jẹ gbèsè, Ọlọ́run tó ṣe èyí á ṣe ìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú oyún, mo bẹ̀ yín: bí orí bá ń fọ́ yín tí kò lọ, tí ojú tàbí ọwọ́ ṣàdédé wú, tí ojú yín ń ṣẹ́ yẹ́ríyẹ́rí, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ lọ sùn láì wọn ìfúnpá yín. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí náà ń kọ́, àìsàn yìí lè yọjú ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì òru. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ gbààwẹ̀, tí ẹ gbé oúnjẹ wá, tí ẹ kó àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Ó sì ku ẹni méjì tí mi ò mọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ṣàn nínú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ibi yòówù kí ẹ wà, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ wá olùrànlọ́wọ́ tì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá àwọn ọmọ lọ fi ẹ̀jẹ̀ tiwọn sílẹ̀. Àkọ́bí ní òun náà ń lọ. Wọ́n ní kó dúró títí á fi pé ọdún 18. Ó ti kọ ọjọ́ náà sẹ́yìn ìwé Ìròyìn Ilé.