Àtùpà ojú fèrèsé
Lálẹ́ àná, nígbà tí mo ń ti Lágere bọ̀, tí wọ́n sì ti mú iná lọ ní gbogbo àdúgbò wa, àtùpà tí ìyá mi gbé sójú fèrèsé, tí èéfín ti pa ẹ̀gbẹ́ gíláàsì rẹ̀ kan dúdú, ni mo fi dá ilé mọ̀.

Ilé iná erékùṣù Pharos nílẹ̀ Íjíbítì ló sọ sí mi lọ́kàn, èyí tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 280 ṣáájú ìbí Jésù, tí iná orí rẹ̀ ń fi ọ̀nà èbúté han àwọn ọkọ̀ òkun, títí ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1303 àti 1323 fi bà á jẹ́. Odi ológun ló wà lójú ibẹ̀ báyìí.

Mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi. Ohun tí ó bi mí ni pé ta ló ń nu èéfín ibẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé wọ́n ti tan àtùpà dè yín bẹ́ẹ̀ rí?