Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pe London ní "ìlú wa"

Ọjọ́rú ni, ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2005. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Leytonstone ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Aago méjìlá ti kọjá, a ń pín oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n tan tẹlifíṣàn sílẹ̀ nínú yàrá ìgbafẹ́, wọ́n sì yí ohùn rẹ̀ sókè nítorí àwọn tí etí wọn ti wúwo. Jacques Rogge, ààrẹ ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì àgbáyé, dúró sórí pèpéle ní Singapore, ó mú àpò ìwé tí orúkọ ìlú tí yóò gba Òlíḿpíìkì 2012 lálejò wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń tú u bí ẹni pé kò sí ohun tó ń lé e.

Mo dúró tàwo-tàwo. Mo fẹ́ mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i lójú mi pé mo fẹ́ mọ̀. Ọdún kẹrin mi nìyẹn ní London. Nígbàkigbà tí mo bá sì ń bá ìyá mi tó wà ní Ìbàdàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, "wọ́n" ni mo máa ń lò. Wọ́n ti fi owó ọkọ̀ kún un. Wọ́n ní òjò ń bọ̀. Wọ́n ti dìbò. Ìlú onílùú ni, iṣẹ́ ni mo bá wá.

Rogge dárúkọ London. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "A gbà á!" Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, láàárín àwọn arúgbó òyìnbó, ọbẹ̀ sì dà sí mi lọ́wọ́.

Màmá kan wà níbẹ̀ tí èmi ni mo máa ń wẹ̀ fún láràárọ̀. Bow ni wọ́n bí i sí, kò sì gbé ibòmíràn rí ju ìlà-oòrùn London lọ. Ó di ọwọ́ mi mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo rò pé ẹkún ayọ̀ ni. Ó ní rárá, òun ń ka ọdún ni. Ó ní ọmọ ọdún 22 lòun ní 1948, nígbà tí Òlíḿpíìkì wá sí London kẹ́yìn, òun àti àfẹ́sọ́nà òun sì lọ wò ó ní Wembley. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Ìjọba ṣì ń wọn oúnjẹ fún aráàlú, wọn ò sì kọ́ pápá tuntun. Inú bárékè àti ilé ẹ̀kọ́ làwọn eléré ń sùn, wọ́n sì ní kí olúkúlùkù mú táwẹ̀lì tirẹ̀ dání. Bàtà tí Màmá wọ̀ lọ, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, ó sì há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ débi pé ó bọ́ ọ sọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń pa dà bọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá na ìka sókè lọ́kọ̀ọ̀kan: 2006, 2007, 2008. Nígbà tó dé 2012, ó ká gbogbo ọwọ́ náà pa dà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Mi ò ní í rí i," ó wí bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ẹ ó rí i, Màmá." Bí a ṣe máa ń sọ fún àgbà nílé nìyẹn, tá a bá ń ṣàdúrà fún wọn. Ó wò mí lójú, ó rọra fọwọ́ gbá mi lọ́wọ́.

Ìbò 54 sí 50 la fi ju Paris lọ. Moscow, New York àti Madrid ti já ṣáájú. Paris ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé wọn yóò fún, nítorí wọ́n ti tọrọ rẹ̀ fún 1992 àti 2008, wọn ò rí i gbà. Tẹlifíṣàn fi àwọn ará Paris hàn níwájú Hôtel de Ville nínú òjò, ojú wọn rẹ̀ wálẹ̀. Àánú wọn ṣe mí. Wọ́n wá yí kámẹ́rà sí Trafalgar Square, Kelly Holmes, eléré sísá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń fò sókè bí ọmọdé, àwọn ọkọ̀ òfurufú ológun sì gba òkè kọjá, wọ́n ń tú èéfín pupa, funfun àti búlúù. Ohun tó wọ̀ mí lára jù lọ ni ọgbọ̀n ọmọ tí Sebastian Coe, olórí àwọn tó bá London tọrọ eré náà, kó láti ìlà-oòrùn London lọ sí Singapore, kí ìgbìmọ̀ lè fojú ara wọn rí irú ìlú tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo wo ojú wọn dáadáa. Ọmọ tí mo lè bá jókòó pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì 69 ni wọ́n, ọmọ dúdú, ọmọ funfun, ọmọ Éṣíà.

Nírọ̀lẹ́, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù àǹtí tó máa ń dirí fún wa ní Leyton. Ibẹ̀ ti gbóná. Àǹtí ní iṣẹ́ dé nìyẹn, wọn yóò kọ́ pápá, wọn yóò kọ́ ilé, ẹni tó bá lè gbé bíríkì yóò rí bíríkì gbé. Bàbá kan tó ń dúró de ìyàwó rẹ̀ mi orí. Ó ní, "Ẹ máa yọ̀ o. Owó ilé ń bọ̀ wá gòkè." Ó ní ojú òun ti rí irú ẹ̀ nílé. Nígbà tí wọ́n ṣe FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, ní 1977, wọ́n kọ́ ilé rẹpẹtẹ fún àwọn àlejò ní Èkó, wọ́n sì ní aráàlú yóò fi ìbò mú un lẹ́yìn náà. "Mo gba fọ́ọ̀mù, mo kọ orúkọ mi, orúkọ mi ò jáde." Àǹtí da á lóhùn pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bàbá ní ẹnu àáké yẹn gan-an ló yẹ ká wò, torí orí wa ni yóò bọ́ sí. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pariwo lé e lórí. Èmi náà wà lára àwọn tó pariwo.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo kọ́kọ́ lọ tọ́jú ọ́fíìsì kan ní Moorgate gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mo sì wọ ọkọ̀ ojú irin ní Liverpool Street kí aago mẹ́jọ tó lù. Ní aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bọ́ǹbù bú nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Liverpool Street ni, ó ń lọ sí Aldgate. Kó tó di aago mẹ́wàá, ìkẹrin bú nínú bọ́ọ̀sì 30 ní Tavistock Square. Ènìyàn 52 ni wọ́n pa.

Yàrá ìgbafẹ́ kan náà la ti wò ó, tẹlifíṣàn kan náà. Àsíá kékeré tí ẹnìkan fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ fèrèsé lánàá ṣì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní agbára àtiyọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n má yọ ọ́. Màmá ò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó kàn ń bi mí bóyá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti pè.

Fóònù ò lọ rárá lọ́jọ́ náà. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni ìpè ìyá mi tó wọlé. Kò kí mi. Ó ní, "Ṣé ìwọ nìyẹn?" Mo ní, "Èmi ni, Mọ́mì." Ó dákẹ́, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ó ní, "A gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ju bọ́ǹbù sí wọn." Mo gbọ́ "wọn" yẹn bí ẹni pé ẹnìkan fi abẹ́rẹ́ gún mi. Mo ní, "Àwa ni wọ́n jù ú sí, Mọ́mì."

Lọ́jọ́ 11 oṣù náà, Marie Fatayi-Williams, tó ti Nàìjíríà wá, dúró nítòsí Tavistock Square, ó gbé àwòrán ọmọ rẹ̀ dání níwájú àwọn oníròyìn. Anthony lorúkọ ọmọ náà, ẹni ọdún 26. Wọn ò tíì sọ fún un bóyá ó kú tàbí ó wà láàyè. Ó ní àkọ́bí òun ni, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí òun ní, olórí ẹbí. Inú bọ́ọ̀sì 30 ni Anthony wà. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn níbi tí mo ti ń ká aṣọ, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àtìgbà náà, ọjọ́ méjèèjì ti lẹ̀ mọ́ra wọn nínú mi, mi ò lè rántí ọ̀kan kí n má rántí èkejì.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ bàbá FESTAC bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ. Ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ lò ní Stratford kì í ṣe ilẹ̀ tó mọ́ o, kí n sọ òtítọ́. Odò rẹ̀ dọ̀tí, òórùn ilé iṣẹ́ wà níbẹ̀, òkìtì fíríìjì àlòkù sì wà nítòsí rẹ̀ tó ga bí òkè. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń gbé ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Clays Lane, ilé tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti darí rí, tí ó lé ní 400 ènìyàn tó ń gbé inú rẹ̀. Àwọn mélòó kan ló máa ń pín ilé ìdáná lò, ibi ìdáná yẹn ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ilẹ̀ mẹ́ta. Ìwé dé pé kí wọ́n kúrò. Ní 2007, wọ́n wó gbogbo rẹ̀. Wọ́n fún un nílé sí ibòmíràn, ilé tó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ gan-an, pẹ̀lú ilé ìdáná tirẹ̀. Ó pè mí lálẹ́ àkọ́kọ́, ó ní òun ti se ìrẹsì tó pọ̀ jù, òun ò mọ ẹni tí òun fẹ́ gbé e fún.

Ṣọ́ọ̀ṣì náà lọ. KICC ti Pásítọ̀ Matthew Ashimolowo, ní Waterden Road ní Hackney, tó ń gba nǹkan bí 4,000 ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, bọ́ sínú ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì gba ìhà ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi yóò rò pé òde ìyàwó lòun ń lọ, gèlè ni ìwọ yóò rí láti iwájú dé ẹ̀yìn. Wọ́n kó kúrò ní 2007. Àwọn oko kéékèèké Manor Garden náà lọ lọ́dún yẹn. Owó tí wọ́n kọ́kọ́ pè ní £2.4 bílíọ̀nù di £9.3 bílíọ̀nù ní oṣù Kẹta 2007, wọ́n sì ti ń gba tiwọn lọ́wọ́ àwa ará London nínú owó orí ilé, £20 lọ́dún fún ilé tó wà láàárín. Èyí kò dùn mí tó ti onílé mi. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni. Ó fi £15 lé owó yàrá mi lọ́sẹ̀ kan, nígbà tí mo sì bi í léèrè ìdí, ó ní, "Àbúrò, ṣé o ò gbọ́ pé Òlíḿpíìkì ń bọ̀ ni?" Ọdún márùn-ún ló kù kó dé nígbà yẹn.

Màmá kú nígbà òtútù ọdún 2009. Ọ̀tún ni ó fi di mi mú.

Nígbà tí wọ́n ṣí títa tíkẹ́ẹ̀tì ní 2011, mo fi orúkọ sílẹ̀ fún eré sísá, mo tún fi sílẹ̀ fún ìlúwẹ̀ẹ́. Ìbò ni wọ́n fi mú un, orúkọ mi ò jáde. Mo wá ń gbọ́ ohùn bàbá yẹn. Nígbà tí eré dé ní 2012, ilé ni mo ti wo Christine Ohuruogu tó gba sílífà nínú eré 400 mítà. Newham ni wọ́n ti tọ́ ọ, àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Mo pariwo fún un pẹ̀lú gbogbo àdúgbò. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ kò gba àmì ẹ̀yẹ kankan nínú eré náà, odindi ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀. Mo tijú bí ẹni pé èmi ni mo sáré tí mo ṣubú.

Ó ku eré àwọn abirùn, tí wọ́n ń pè ní Paralympics. Mo rí tíkẹ́ẹ̀tì rà fún ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ, ní ExCeL, níbi tí wọ́n ti ń gbé irin. Mo dé síbẹ̀ ṣáájú àkókò, mo jókòó, mo na ìka sókè lọ́kọ̀ọ̀kan láti 2006, bí Màmá ti ṣe.

Yakubu Adéṣọ̀kan jáde sí àwùjọ àwọn tí ìwọ̀n wọn kò ju 48 kìlógíráàmù lọ. Ó sùn sẹ́yìn lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fi bẹ́líìtì de ẹsẹ̀ rẹ̀. Irin náà jẹ́ 180 kìlógíráàmù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ara rẹ̀. Ó gbà á sílẹ̀ títí ó fi kan àyà rẹ̀. Ó dúró níbẹ̀. Gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́, mo ń rí iṣan ọrùn rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ńlá tó wà lókè. Ó wá tì í sókè, ọwọ́ méjèèjì na ṣánṣán, iná funfun sì tàn. Kò sẹ́ni tó tíì gbé irú rẹ̀ rí nínú àwùjọ yẹn.

"A gbà á!" Mo ti wà lórí ìdúró kí n tó mọ̀.

Ọkùnrin òyìnbó tó jókòó tì mí, àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló yà sójú. Ó bi mí pé kí ni mo sọ. Mo sọ ọ́ fún un. Ó bi mí báwo ni wọ́n ṣe ń pe orúkọ ẹni náà. Mo pè é, ó pè é tẹ̀ lé mi, ohùn rẹ̀ ń ròkè níbi tó yẹ kó wálẹ̀. Mo ní kó tún un pè. Ó tún un pè lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kẹta ó bọ́ sójú ọ̀nà. Wọ́n ti ń gbé wúrà bọ̀ nígbà náà, wọ́n sì fi orin orílẹ̀-èdè wa sí i. Ọkùnrin náà ṣí fìlà, ó bá mi dìde.