Igba Náírà Lórí Orin Bàbá Rẹ̀

Àwọn kan máa ń fi iṣẹ́ mi dápàárá ní Pánṣẹ́kẹ́, l'Abẹ́òkúta. Wọ́n á ní, "Olè orin, ẹ kú iṣẹ́ o." Èmi náà á dáhùn pé, "Ọlá yín ni o, oníbàárà olè." Fóònù ni mò ń tún ṣe, kò sírọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí wọ́n mọ ṣọ́ọ̀bù mi láti Ìbàrà títí dé Ìtòkú ni orin tí mò ń fi sínú mẹ́mọ́rì káàdì àti fíláàṣì. Tí wọ́n bá wá ń sọ lórí rédíò pé àwọn tó ń dáúnlóòdù orin lọ́fẹ̀ẹ́ ló pa òwò orin, mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń nawọ́ sí. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Dẹ́rẹ́bà ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Ọkọ̀ wọn ò mọ Boomplay, áàpù tí wọ́n fi ń gbọ́ orin lórí fóònù, fíláàṣì ló mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn tó ń ná ọ̀nà Ṣàgámù kì í tiẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì kó tó na fíláàṣì sí mi láti ojú fèrèsé: "Bọ̀ọ̀dá Kọ̀ǹpútà, ẹ nu gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ dànù. Àpàlà, Fújì àtijọ́, Sákárà díẹ̀. Ẹ má fi tàwọn ọmọ ìsìnyí sí i o, eré àsápajúdé ni wọ́n ń mú mi sá." Mo ti to orin sí fódà fódà: Àpàlà Ẹ̀gbá, Àpàlà Ìjẹ̀bú, Fújì Àtijọ́, Wàásí, Ìyìn, àti ọ̀kan tí mo pè ní Ìyàwó Wọlé fún àwọn tó ń ṣègbéyàwó. Màá yan èyí tó fẹ́, ìlà aláwọ̀ ewé yẹn á máa rìn lójú kọ̀ǹpútà, ó parí. Owó iṣẹ́ ni mò ń gbà, mi ò ta orin. Bí mo ṣe máa ń sọ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì rí ẹni tó sanwó fún fíláàṣì òfìfo.

Bí orin bá wá bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀, ohun tí rédíò á kọ sójú rẹ̀ ni Unknown Artist, Track 04. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Olórin Àpàlà tó jẹ́ pé kò sí orin tó kọ tí kò ti dárúkọ ara rẹ̀, tó dárúkọ bàbá tó bí i, àdúgbò tó ti wá, ọmọ tó bí àti ọ̀rẹ́ tó ra bíà fún un, òun ni ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀.

Kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì ló kọ́ wa ní àdàkọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń da kásẹ́ẹ̀tì kọ ní Lafẹ́nwá nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé, ẹ̀rọ oníhò méjì ló ń lò, kásẹ́ẹ̀tì tó ní orin á wà lápá kan, òfìfo á wà lápá kejì. Lẹ́yìn ìyẹn ni sídì dé láti Aláàbá, tí wọ́n ń kó orin odidi olórin mẹ́wàá sínú ẹyọ kan. Nígbà tí Napster, tí àwọn èèyàn fi ń pín orin fún ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1999, tí àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù fi ilé ẹjọ́ tì í pa ní 2001, kò sẹ́ni tó gbọ́ nípa rẹ̀ ní ìlà ṣọ́ọ̀bù tiwa. A ti ń ṣe tiwa tipẹ́.

Obìnrin kan wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá. Ó á tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó gbé àpò àdìrẹ kọ́ èjìká. Ó dárúkọ olórin Àpàlà kan, ó bi mí bóyá mo ní in. Olórin náà gbayì nílẹ̀ Ẹ̀gbá nígbà ayé rẹ̀, àmọ́ òkìkí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ kọjá ọ̀dọ̀ wa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí nítorí àwọn ọmọ rẹ̀. Mo ní in. Mo tẹ ọ̀kan kó lè mọ̀ bóyá òun ló ń wá. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn dúró, ó fọwọ́ lé etí tábìlì. Nígbà tí orin dé ibi tí bàbá náà ti ń ki obìnrin Òwu kan, ó ní, "Ìyá mi ló ń kì yẹn."

Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Ó tún un sọ. Bàbá rẹ̀ ló ń kọrin.

Rẹ́kọ́ọ̀dù ẹyọ kan ò sí nílé wọn mọ́. Àwọn ará ti yá òmíràn lọ, òjò ba ìyókù jẹ́ nígbà tí atẹ́gùn ṣí páànù ilé. Ilé-iṣẹ́ tó tẹ orin náà jáde ti kógbá sílé, ìwé àdéhùn ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ẹbí. Ó ní ọmọ òun rí orin náà lórí YouTube, ìpolówó ọṣẹ ló ṣáájú rẹ̀, wọn ò sì mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀. Mo da gbogbo ohun tí mo ní sínú fóònù rẹ̀. Ó ní èló ni. Ẹnu mi ti mọ́ ọn, ó ti jáde kí n tó rò ó: "Igba náírà." Ó kà á sórí tábìlì. Mo dá a padà, ó tì í sọ́dọ̀ mi. Mo ní, "Àǹtí, ẹ ò lè máa sanwó orin bàbá yín." Ó ní, "Ẹ gbà á jàre, bọ̀ọ̀dá. Ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ wá ní gbèsè."

Látìgbà náà ni mo ti rí i pé àwọn tó ń jà lórí dáúnlóòdù, àti àwọn tó ń gbè wá àti àwọn tó ń bú wa, gbogbo olórin ni wọ́n kà sí ọ̀kan náà. Wọn ò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin Fújì kan wà ní Aṣerò, kì í jẹ́ kí n wá orin rẹ̀ kiri. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e wá lórí fíláàṣì, pẹ̀lú míníràlì tútù, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi tú u ká. Ẹ fi sí ti gbogbo dẹ́rẹ́bà." Ó mọ ohun tó ń ṣe. Òde àríyá ló ti ń jẹun. Alhaji tó bá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Kútọ̀ á pè é síbi ìṣílé, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ Alhaji náà á sì fẹ́ kí ó dárúkọ tiwọn. Ní tirẹ̀, mo jẹ́ ọmọ iṣẹ́ tí kì í gbowó oṣù.

Ta ni kò lè lọ sóde? Ẹni tó ti kú. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọ lù. Onílù tó lu gángan nínú orin yẹn ní ogójì ọdún sẹ́yìn, tí ẹsẹ̀ ń dùn báyìí. Àwọn yìí ni owó ẹ̀tọ́ orí orin jẹ́ tiwọn ní tòótọ́, àwọn náà ni kì í sì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Owó òde gan-an ti ń yí padà. Òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 ti ka níná owó lé èèyàn lórí lóde àríyá sí ẹ̀ṣẹ̀ tipẹ́, kò sẹ́ni tó kọbi ara sí i, àfìgbà tí EFCC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn èèyàn lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀ ní 2024. Ọwọ́ àwọn ológe ti wá ń fà sẹ́yìn. Bí òde bá ń dín kù, orin tí wọ́n ká sílẹ̀ ló yẹ kó máa bọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo òfin tó dá lórí ẹ̀tọ́ olórin. Copyright Act 2022 ni a ń lò báyìí, oṣù kẹta 2023 ni ààrẹ buwọ́ lù ú. Nínú òfin yẹn, ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin kì í tán títí di 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tó kú. Ẹ̀tọ́ ilé-iṣẹ́ tó ká ohùn náà sílẹ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn: 50 ọdún ni, láti òpin ọdún tí rẹ́kọ́ọ̀dù náà jáde. Ẹ mú Àyìnlá Ọmọwúrà, ọmọ Ìtòkò, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Abẹ́òkúta níbí ni wọ́n ti pa á nílé ọtí lọ́jọ́ 6 oṣù karùn-ún, 1980. Orin tó kọ wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ títí di òpin 2050. Ṣùgbọ́n rẹ́kọ́ọ̀dù tó bá jáde ní 1974, ẹ̀tọ́ orí ohùn inú rẹ̀ ti tán bí 2024 ṣe parí. Ìlẹ̀kùn méjì ló wà lẹ́nu yàrá kan náà, ọ̀kan ti ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọmọ olórin ló yẹ kó ní kọ́kọ́rọ́ ìkejì, àyàfi tí bàbá bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ tà á nínú ìwé àdéhùn. Mo bi àǹtí olórin yẹn bóyá ẹnì kan sọ èyí fún wọn rí. Ó wò mí bí ẹni tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ó kúkú ti yé àwọn àgbà olórin kan nígbà náà. Hárúnà Ìṣọ̀lá àti I.K. Dairo dá ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tiwọn sílẹ̀ ní 1969, Star Records. Nígbà tó yá, Hárúnà tún kọ́ ilé ìtẹ̀rẹ́kọ́ọ̀dù, Phonodisk, sí Ìjẹ̀bú-Igbó, nínú ìpínlẹ̀ wa yìí. Àwọn tí kò lágbára bẹ́ẹ̀ buwọ́ lùwé, wọ́n gba owó díẹ̀, wọ́n sì gbọ̀nà òde lọ.

Àwọn ọmọ ìsìnyí á ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀, pé ojúutù ti dé, sítírímù ni, kéèyàn máa gbọ́ orin tààrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Boomplay dé ní 2015, inú Tecno ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ti kọ́kọ́ rí i. Spotify dé Nàìjíríà ní 2021. Mi ò bá wọn jà, èmi náà ń lò ó. Ẹ jẹ́ ká kàn wo bí owó ṣe ń rìn. Owó gbogbo oníbàárà ni wọ́n ń dà pọ̀, ilé-iṣẹ́ á mú tirẹ̀, wọ́n á wá fi iye ìgbà tí wọ́n gbọ́ orin pín ìyókù. Ìyá alàdìrẹ ní Ìtòkú tó jẹ́ pé Àpàlà nìkan ló ń gbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, owó rẹ̀ ò lọ sọ́dọ̀ alápàlà rẹ̀ tààrà. Ó bọ́ sínú àpapọ̀, ibi tí àwọn ọmọ tí gbogbo ayé ń gbọ́ ti ń bù ú.

Èyí tó tún wá ń dùn mí jù ni kíkà. Lórí Spotify, bí orin bá ti dún fún 30 ìṣẹ́jú àáyá, wọ́n ti kà á sí ẹ̀ẹ̀kan. Àpàlà wa ńkọ́? Ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù máa ń gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sí ìdádúró, ìlù kan ló máa gbé wọn láti oríkì títí dé òwe, dé èébú, dé àdúrà. Gbogbo rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan. Orin ọmọdé oníṣẹ́jú méjì, òun náà, ẹ̀ẹ̀kan. Láti 2024 sì ni wọ́n ti ní orin tí wọn ò bá gbọ́ tó 1,000 ìgbà láàárín oṣù 12 ò ní gba kọ́bọ̀. Ọmọ Aṣerò yẹn ti gbọ́n, ó ti ń gé orin rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kó tó gbé e sókè. Orin àtijọ́ ò ṣeé gé bẹ́ẹ̀, ẹni bá gé e ti bà á jẹ́.

Tí wọ́n bá bi mí ohun tí mo fẹ́, kò pọ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí èèyàn bíi tèmi lè sanwó. Àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ìjọba ìbílẹ̀ mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi bí ẹni mọ ilé àna, a-ṣojú-olórin kankan ò yà wá rí kó ní, "San iye báyìí lọ́dún, kọ iye fíláàṣì tó o kún sílẹ̀, àwa á mú un lọ fún àwọn tó ni ín." Ẹgbẹ́ tó ń gbowó orin jọ wà lóòótọ́, òfin sì fọwọ́ sí i. Fún ọdún gbọgbọrọ ni méjì nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, MCSN àti COSON, fi ń bá ara wọn fà á lórí ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀: àjọ ìjọba fún MCSN níwèé àṣẹ ní 2017, ó dá ti COSON dúró ní 2018. Ẹni tó bá fẹ́ sanwó láàárín ìjà yẹn, ta ló fẹ́ san án fún?

Iṣẹ́ náà ti ń dín kù, mi ò ní purọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ò wá mọ́. Nígbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2025 pé kí àwọn oníléeṣẹ́ fóònù fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, díẹ̀ nínú wọn sá padà wá bá mi pẹ̀lú mẹ́mọ́rì káàdì tí wọ́n ti gbàgbé sínú dúrọ́ọ̀.

Lálẹ́, tí iná bá wà, ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mò ń kọ orúkọ sínú orin. Màá ṣí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, màá yọ Unknown Artist kúrò, màá kọ olórin, ọdún tó jáde, ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ àti orúkọ onílù bí mo bá mọ̀ ọ́n. Àǹtí olórin yẹn ti bá mi dá orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀ mọ̀, ó mọ ẹni tó ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nípa bó ṣe ń mi í. Tẹ́ ẹ bá ní rẹ́kọ́ọ̀dù olórin Ẹ̀gbá nílé, ẹ má tà á fún àwọn tó ń rà á káàkiri. Ẹ ya fọ́tò páálí rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì ya bébà róbótó tó wà láàárín rẹ̀ gan-an, torí nọ́ńbà kékeré tó wà níbẹ̀ ni a fi ń mọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ àti ìgbà tó jáde. Ẹ mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo máa ń ṣí láago mẹ́sàn-án, àfi ọjọ́ Ẹtì tí mò ń ti ìlẹ̀kùn lọ Jímọ́ọ̀.