Karl Maeser àti owó oṣù olùkọ́

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ yìí ni mo ti ń ka ìtàn ìgbésí ayé Karl Gottfried Maeser, olùkọ́ ọmọ Jámánì tó di ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìjọ Mọ́mọ́nì ní Utah lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ náà. Iṣẹ́ olùkọ́ tí a jọ ń ṣe ni ó fà mí mọ́ ọn, ohun tí mo sì fẹ́ kọ sílẹ̀ lálẹ́ òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ rẹ̀ nìkan, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ owó oṣù ni a fi gbogbo ọ̀sán sọ ní yàrá àwọn olùkọ́.

Ìlú Meissen ní agbègbè Saxony ni wọ́n bí i sí ní 1828. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Dresden, ó rí iṣẹ́ síbẹ̀, ó sì fẹ́ Anna Mieth, ọmọ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan. Bí a bá fi ojú ayé wò ó, ọ̀nà ti là fún un. Ìwé kan tí ẹni tí kò gba ti àwọn Mọ́mọ́nì kọ nípa wọn ni ó kà, ṣùgbọ́n dípò kí ìwé náà lé e sá, ńṣe ni ó kọ lẹ́tà sí àwọn aṣáájú ìjọ náà ní Yúróòpù pé kí wọ́n rán ẹni tí yóò ṣàlàyé fún òun wá. Ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 1855, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un nínú odò Elbe. Òru ni wọ́n ṣe é, nítorí pé ìjọba Saxony kò fẹ́ rí irú àwọn oníwàásù bẹ́ẹ̀ sójú. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó fi iṣẹ́ àti ìlú rẹ̀ sílẹ̀, òun pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ó ṣiṣẹ́ ìwàásù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland, ó sì tún ṣe é ní Virginia, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin John Tyler, ẹni tó ti jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà rí, ní dùùrù kí ó lè rí owó jẹun. Ọdún 1860 ni wọ́n tó dé Utah. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Salt Lake City, ó kọ́ àwọn ọmọ Brigham Young tó jẹ́ olórí ìjọ, nígbà tó sì di 1867, ìjọ rán an padà sí Jámánì àti Switzerland láti lọ wàásù. Ọdún 1870 ni ó tó padà wálé bá Anna àti àwọn ọmọ. Àwọn tó kọ ìtàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sọ nǹkan kan nípa ohun tí Anna fi bọ́ àwọn ọmọ ní àkókò yẹn.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1876, àgbá ẹ̀tù bú gbàù ní Salt Lake City, ó sì ba ilé tí Maeser ti ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́. Ó sáré wá bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ láti fi tó o létí, ó sì bá a lọ́dọ̀ Brigham Young. Nígbà tí Young gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ ti bàjẹ́, èsì tó fọ̀ ni pé ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ mìíràn wà tí òun fẹ́ rán an. Iṣẹ́ náà ni kí ó lọ sí Provo, ìlú mìíràn ní Utah, kí ó lọ máa darí Brigham Young Academy tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1875. Ìtọ́ni kan ṣoṣo tí gbogbo ènìyàn rántí pé Young fún un ni pé kò gbọdọ̀ kọ́ni ní álífábẹ́ẹ̀tì tàbí ìṣirò pàápàá láìsí Ẹ̀mí Ọlọ́run níbẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ owó nínú ìtọ́ni náà. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 1877, Young kú, ilé ẹ̀kọ́ náà sì di ọmọ òrukàn.

Owó ṣòro rí ní Utah nígbà náà. Irè oko ni ọ̀pọ̀ òbí fi ń san owó ilé ẹ̀kọ́, òun náà ni olùkọ́ sì ń gbà, nígbà tí ó bá rí i gbà. Àwọn ọmọ ilé Maeser ni wọ́n ń sọ ìtàn tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì yìí: nígbà tí ìyà náà pọ̀ jù, ó sọ fún Anna àti ọmọbìnrin rẹ̀ pé kí wọ́n di ẹrù, nítorí pé òun yóò padà sí Salt Lake City, níbi tí iṣẹ́ tó lówó lórí wà. Wọ́n di ẹrù. Wọ́n jókòó ti àpótí wọn, wọ́n ń retí. Nígbà tí ọjọ́ ń gorí ọjọ́ tí kò sọ nǹkan kan, ọmọbìnrin náà béèrè ìgbà tí wọ́n ń lọ, bàbá rẹ̀ sì dáhùn pé òun ti yí ọkàn padà, pé òun lálàá, òun rí òkè kan ní Provo tí wọ́n ń pè ní Temple Hill, ilé ẹ̀kọ́ ńláńlá kún orí rẹ̀.

Lónìí, nígbà tí a ń ka oṣù tí wọ́n jẹ wá, ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ́ ìṣirò mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà o." Mo fẹ́ sọ ti Maeser fún wọn, ṣùgbọ́n mo pa ẹnu mọ́, nítorí pé mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, ẹ̀rí ni yóò dà lọ́wọ́ àwọn tó jẹ wá lówó. Wọn yóò ní ẹ wo olùkọ́ rere tí ebi pa, tí kò lọ. Èmi kò gbà pé ohun tí ìtàn náà ń sọ nìyẹn. Gbèsè ni gbèsè ń jẹ́, ì báà jẹ́ ìjọ ló jẹ ẹ́, ì báà jẹ́ ìjọba.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí wọ́n máa ń tọ́ka sí pé Maeser sọ ni ó jẹ́ kí ìtàn àpótí náà yé mi. Ó ní bí wọ́n bá ti òun mọ́ inú ẹ̀wọ̀n, bí ògiri rẹ̀ ti wù kó ga tó, ó ṣeé ṣe kí òun rí ọ̀nà sá jáde. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí òun ká, tí òun sì ti ṣèlérí pé òun kò ní kọjá ìlà náà, òun yóò kọ́kọ́ kú kí òun tó kọjá rẹ̀. Èmi tí mo ń ṣọ́ àwọn ọmọ lásìkò ìdánwò, tí mo ń tú àpò àti ìbọ̀sẹ̀ wò nítorí ìwà jíwèéwò, mo jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà pípẹ́. Mo rò pé àlá nìkan kọ́ ló dá a dúró ní Provo. Ó ti ṣèlérí fún Brigham Young, ikú Young kò sì pa ìlà náà rẹ́. Ṣùgbọ́n Anna ńkọ́? Anna kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni ní Salt Lake City. Inú ìlà tí wọ́n fà yí ọkọ rẹ̀ ká ni ó ń gbé, tí ó sì ń se ohun tí kò tó.

Nígbà tí ilé tí wọ́n ń lò jóná ní òru ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1884, tí ẹnìkan sì ké sí Maeser pé ilé ẹ̀kọ́ ti jóná, ó ní rárá o, ilé lásán ló jóná. Kíá ni wọ́n padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ nínú àwọn ilé tí wọ́n yá. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí di oṣù kìíní ọdún 1892 tí wọ́n ṣí ilé tuntun, ọjọ́ yẹn gan-an sì ni Maeser gbé ipò rẹ̀ fún Benjamin Cluff. Ìjọ ti fi í ṣe alábòójútó gbogbo ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti 1888, ó sì wà lára àwọn olórí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi títí ó fi kú ní 1901. James Talmage tó di àpọ́sítélì, Reed Smoot tó di sẹ́nétọ̀, àti George Sutherland tó di adájọ́ ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn ti kàwé. Ilé tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè wà lórí òkè tó rí lójú àlá, láti 1911.

Èmi tí mo jẹ́ ènìyàn dúdú kò lè ka gbogbo èyí kí n má rántí pé ìjọ tó sìn kò jẹ́ kí ọkùnrin dúdú gba oyè àlùfáà títí di oṣù kẹfà ọdún 1978. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ní ilẹ̀ Ígbò, ní ìpínlẹ̀ Ímò, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún Anthony Obinna, ẹni tó ti ń kọ lẹ́tà sí wọn láti ọdún pípẹ́, wọ́n sì fi í ṣe olórí ẹ̀ka ìjọ náà níbẹ̀. Olùkọ́ ni òun náà. Wọ́n fi Fidelia ìyàwó rẹ̀ ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin. Ìtàn Fidelia ni mo fẹ́ wá kà báyìí, bí mo bá rí ẹni tó kọ ọ́.