Àwọn tó ṣẹ́ kù sí wọ́ọ̀dù

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá

Kò sí nǹkan tó ń yà mí lẹ́nu ní Nàìjíríà yìí tó bí ọsibítù ìjọba ṣe ṣì ń ṣiṣẹ́. Mi ò fi ṣẹ̀fẹ̀ o. Iná ò sí, omi inú kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n fi ń fọwọ́, lífítì ti kú tipẹ́, béèdì ò tó, dókítà ti lọ Saudi, nọ́ọ̀sì ti lọ ìlú ọba, síbẹ̀ tó bá ti di aago mẹ́jọ àárọ̀ àwọn kan á ti wọṣọ funfun, wọ́n á ti jókòó sídìí tábìlì, wọ́n á ní "kádì yín dà?" Bó ṣe ń rìn ò yé mi, àmọ́ ó ń rìn ṣá, òun náà ló sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọ̀tún màmá mi ṣì wà lára wọn títí dòní.

Ṣúgà ni màmá ní. Ìṣó kékeré kan ló yọ nínú bàtà, ó gún wọn lábẹ́ ẹsẹ̀, wọn ò mọ̀ ọ́n lára rárá, torí pé tí ṣúgà bá ti bá èèyàn gbé pẹ́, ó máa ń pa ẹsẹ̀ kú, èèyàn á ti farapa kó tó mọ̀. Ìgbà tó ń rùn la tó mọ̀. Ẹnì kan ní ká fi àgbo wẹ̀ ẹ́, ẹnì kan ní ká da epo gbígbóná sí i (ẹ gbà mí o), a gbé wọn lọ sí ọsibítù aládàáni kan, owó tí wọ́n bèèrè kí wọ́n tó ní ká wọlé mú mi jókòó sílẹ̀, ọ̀rọ̀ gígé ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Ọsibítù ìjọba ni dókítà ti wò ó síwá sẹ́yìn tó ní "kò tíì dé orí gígé, ẹ jẹ́ ká bá a jà ná." Mi ò lè gbàgbé gbólóhùn yẹn láé.

Nítorí náà ọjọ́ dírẹ́sìn lónìí. Nọ́ọ̀sì tó ń bá wọn wẹ egbò yìí, mo dàgbà jù ú lọ dáadáa, ọmọ kékeré ni, àmọ́ ẹ wá wo ọwọ́ ẹ̀. Ó kọ́kọ́ gé púlásítà sí wẹ́wẹ́, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ etí abọ́ irin yẹn ní ìlà ìlà kó má baà tún máa wá sísọ́ọ̀sì tọ́wọ́ ẹ̀ bá ti dọ̀tí. Kò kàn já báńdéèjì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sọnù, ó ń da omi iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró, ó tún ń dà á, títí gọ́ọ̀sì fi rọ̀ tó fi ká kúrò fúnra ẹ̀ láìbá ẹran tuntun lọ. Gbogbo bó ṣe ń ṣe é ló ń bá màmá sọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n ka orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ wọn fún òun látorí àgbà dé orí àbíkẹ́yìn, ibi tí màmá ti ń jà pé Àlàbí ló dàgbà kì í ṣe Àyọ̀ká ló ti gba inú ihò egbò wọlé pẹ̀lú òwú, màmá ò mọ̀. Ìgbà tíná lọ, kò tiẹ̀ sọ nǹkan kan, ó kàn na ọwọ́ ẹ̀yìn, ó ní "bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín," bí ẹni pé ara iṣẹ́ ni. Mo mú tọ́ọ̀ṣì dání. Ó tẹ etí egbò yíká, ó rùn ún wò (bẹ́ẹ̀ ni, ó sún imú mọ́ ọn), ló bá rẹ́rìn-ín, ó ní "Màmá, ẹran pupa ti ń hù o!" inú ẹ̀ dùn bí ẹni tó rí owó he.

Ẹ jẹ́ n rántí sọ pé àwọn méjì péré ló wà fún gbogbo wọ́ọ̀dù yẹn láàárọ̀ yìí, béèdì ibẹ̀ sì ń lọ bí ọgbọ̀n. Ẹni tó yẹ kó ṣe ìkẹta wọn ti lọ ní oṣù tó kọjá, kò sì sẹ́ni tó rọ́pò ẹ̀. Mo bi í pé ṣé wọn ò ní gba ẹlòmíì ni, ó ní kì í ṣe ọ̀gá ọsibítù ló ń gbààyàn, wọ́n ní láti kọ̀wé tọrọ àṣẹ lọ sókè, ìwé á máa ti tábìlì bọ́ sí tábìlì, kí àṣẹ yẹn tó jáde ẹlòmíì á tún ti lọ. Iṣẹ́ ẹni tó lọ, wọ́n á pín in fún àwọn tó kù. Owó oṣù ẹni tó lọ, wọn kì í pín ìyẹn o.

Bá a ṣe ń jáde la bá ariwo lẹ́nu ọ̀nà emájẹ́ńsì. Ọkùnrin kan gbé bàbá ẹ̀ wá, bàbá ṣì wà nínú mọ́tò, wọ́n ní béèdì ò sí, kó lọ wo ọsibítù kejì, ọsibítù kejì ọ̀hún ló sì ti ń bọ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á, mo mọ̀, ẹni tẹ́rù ń bà ló máa ń pariwo jù. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kòbákùngbé tó sọ sí mátírọ́ọ̀nù tó dúró níbẹ̀ kọjá sísọ, obìnrin tó tó ìyá ẹ̀, ó ní ìkà ni wọ́n, ó ní àwọn ló ń pààyàn ní ọsibítù ìjọba, ó yọ fóònù, ó ní òun ń ká wọn sílẹ̀, gbogbo ayé á rí wọn lónìí. Mátírọ́ọ̀nù ò fèsì. Wọ́n ní "ẹ má bínú sà, ìṣẹ́jú kan," wọ́n wọlé, wọ́n jáde pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́ kan, dírípù lọ́wọ́ kejì, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin yẹn kọjá lọ sídìí mọ́tò, wọ́n wọn bàbá níbẹ̀, wọ́n wá iṣan, wọ́n sì fi dírípù kọ́ ìkọ́ aṣọ tó wà lókè fèrèsé ẹ̀yìn mọ́tò. Inú Corolla ni bàbá ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Béèdì ò sí lóòótọ́, mátírọ́ọ̀nù ò sì lè fi eegun ẹ̀yìn wọn kan béèdì. Ọkùnrin yẹn ṣì gbé fóònù sókè, àmọ́ kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Kí n má purọ́, ẹnu àwọn nọ́ọ̀sì kan ò dáa, a ti rí èyí tó máa fi èébú kí obìnrin tó ń rọbí, mi ò ní gbèjà wọn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tó jókòó síwájú wa la máa ń bá jà, ẹni tó yẹ ká bá jà ò sí nítòsí, ó wà nínú ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, tí inú ẹ̀ bá sì run ún, bàálù ló máa wọ̀. Ọdún 2001 ni àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà kóra jọ sí Àbújá tiwa níbí, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé pé nínú ọgọ́rùn-ún náírà tí ìjọba bá fẹ́ ná, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á lọ sí ètò ìlera. Àwa la gbàlejò o! A ò tíì ná iye yẹn lọ́dún kankan. Àwọn dókítà wọ̀nyí, títí di ìparí 2021, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lóṣù ni owó ewu tí ìjọba ń fún wọn, àwọn tó fọwọ́ kan Ebola, tí wọ́n fọwọ́ kan Corona. Mo mọ alága àdúgbò tó ń ná jù bẹ́ẹ̀ lọ sórí ọtí lọ́jọ́ kan.

Dókítà tó ń ṣe house job (ọdún kan tí dókítà tuntun fi ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà) ní wọ́ọ̀dù màmá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bá a tó forí lé tábìlì tó sùn lọ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ní ẹnì kan wà lórí "call", àwa rò pé ó kàn wà nítòsí ni, àṣé láti àárọ̀ àná ló ti wà lórí ìdúró, kò tíì wẹ̀. Nígbà tí mo rí i báyẹn, Dókítà Vwaere Diaso ló wá sí mi lọ́kàn, ọmọbìnrin tí lífítì já lulẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ l'Ékòó ní oṣù kẹjọ 2023, nínú ilé táwọn dókítà ń gbé ní ọsibítù, ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì péré kó parí house job ẹ̀. Oúnjẹ tó ní kí wọ́n gbé wá fún òun ló ń sọ̀kalẹ̀ lọ gbà. Ó mà ṣe o. Tí ẹ bá sì wà n'Ìbàdàn lópin 2024 bọ́ sí 2025, ẹ ò ní gbàgbé bí wọ́n ṣe gé iná UCH, ọsibítù tó ti wà láti 1957, lé ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́ nítorí gbèsè, àwọn tí kò sí lára àwọn tó jẹ gbèsè ló wá ń fi tọ́ọ̀ṣì wo aláìsàn.

Ta ló wá fẹ́ bá ẹni tó jàápá wí? Mínísítà ìlera fúnra ẹ̀ ló sọ ní 2025 pé dókítà tó lé ní 16,000 ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje. Àbúrò mi obìnrin wà lára àwọn nọ́ọ̀sì tó lọ, ìlú ọba ló wà, NHS, ètò ìlera ìjọba wọn níbẹ̀, ló ń bá ṣiṣẹ́. Mo pè é lálẹ́ yìí láti sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ màmá fún un, mo rò pé ó máa máa fi ibẹ̀ yangàn fún mi, kàkà bẹ́ẹ̀ ó ní kòrídọ̀ lòun ti tọ́jú èèyàn lánàá, àwọn arúgbó lórí béèdì onítáyà lẹ́bàá ògiri, torí wọ́ọ̀dù kún. Ó ní ẹ̀yìn ń ro òun. Ó ní ohun tóun fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé láti 1948 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bi aláìsàn pàjáwìrì pé owó dà kí wọ́n tó gbé e wọlé, òun ò tíì fìgbà kan rí ẹni tí wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà nítorí owó, ìyẹn nìkan ló ń jẹ́ kóun lè sùn. Àmọ́ owó tí ìjọba ń kó síbẹ̀ ò tó iye èèyàn tó ń wá. Ní 2020 nígbà Corona, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀ aago mẹ́jọ ni àwọn ará ìlú ń jáde sẹ́nu ọ̀nà pàtẹ́wọ́ fún wọn, ní December 2022 àwọn nọ́ọ̀sì kan náà daṣẹ́ sílẹ̀ torí pé àtẹ́wọ́ ò ṣeé san rẹ́ǹtì.

Ẹ wá wo èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín tó tún ń bí mi nínú. Gọ́ọ̀sì, omi iyọ̀, òwú, gilọ́ọ̀fù, púlásítà, gbogbo ẹ̀ àwa là ń rà wá, ọsibítù ò ní. Owó tá a fi ń rà á, àbúrò mi yìí ló ń fi ránṣẹ́. Ìyẹn ni pé nọ́ọ̀sì tó lọ ló ń ra ohun èlò fún nọ́ọ̀sì tó kù, àwọn méjèèjì pawọ́ pọ̀ ń tọ́jú ẹsẹ̀ ìyá kan, ìjọba wà láàárín wọn tó ń wò.

Kí n tó gbàgbé, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ò ṣe nǹkan kan rí. Àwọn obìnrin tó máa ń gbé kúlà kiri ládùúgbò nínú oòrùn, tí wọ́n á kán àjẹsára sí ọmọ lẹ́nu, tí wọ́n á kun ìka ẹ̀ ní yíǹkì, tí wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára ògiri wa tí a ó máa bínú pé wọ́n ń ba kíkùn ilé jẹ́, àwọn ló jẹ́ kí wọ́n lè kéde ní oṣù kẹjọ 2020 pé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní wild polio (èyí tí kò ti ara àjẹsára wá) ti tán ní Áfíríkà, Nàìjíríà ló sì kẹ́yìn. Àwọn kan lára wọn kú sẹ́nu iṣẹ́ yìí lókè Ọya, wọ́n yìnbọn pa wọ́n ní Kánò ní 2013. Mi ò rántí pé ẹnikẹ́ni ládùúgbò mi fún wọn lómi tútù mu rí.

Ní báyìí, ìjà wa nínú ilé lálẹ́ yìí. Mo ní lọ́jọ́ Mọ́ńdè tá a bá ń lọ, mo máa ra páálí gilọ́ọ̀fù mẹ́ta, a máa lo ìwọ̀nba tiwa, a máa fi ìyókù sílẹ̀ fún wọn, torí mo rí i lónìí bí ọmọ yẹn ṣe ń wá gilọ́ọ̀fù fún bàbá tó wà ní béèdì kejì tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Àbúrò mi fárígá lórí fóònù. Ó ní tí a bá ń rà á fún wọn báyìí, ìjọba ò ní rà á láé, ó ní kí n kọ̀wé sí aṣòfin wa dípò ẹ̀. Màmá ní kí àwa méjèèjì dákẹ́, pé tí aṣòfin bá ń ka ìwé lọ́wọ́, ṣé ọwọ́ òfìfo ni kí ọmọ yẹn fi máa wẹ egbò ni? Mo máa kọ ìwé náà o, mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ gan-an, mo ti kọ iye béèdì àti iye nọ́ọ̀sì síbẹ̀. Àmọ́ fámasì tó wà ní ìkóríta máa ń ṣí aago mẹ́jọ lọ́jọ́ Sátidé, ibẹ̀ ni mò ń kọ́kọ́ lọ.