Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi lo ọjọ́ mẹ́jọ ní Zanzibar

Ẹ bá wa dúpẹ́ o, a ti dé. Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko lèmi, bàbá àwọn ọmọ, àwọn ọmọ méjèèjì àti màmá mi lò ní Jambiani, abúlé kan létí òkun lápá ìlà-oòrùn Zanzibar, erékùṣù kan ní Tanzania, mi ò sì tíì rí ìsinmi tó wọ̀ mí lára tóyẹn láti ìgbà tí mo ti di ìyá ọmọ.

Ká tó gbéra ni mo ti kọ gbogbo ohun tá a máa ṣe sínú fóònù, àárọ̀ a ó wẹ̀ lókun, ọ̀sán a ó lọ síbí, ìrọ̀lẹ́ a ó lọ sọ́hùn-ún. Òṣùpá kún rọ́ndọ́ lálẹ́ ọjọ́ tá a dé. Nígbà tó di bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì, tíyẹn jẹ́ ọjọ́ tá a bẹ̀rẹ̀ hólídè gan-an, gbogbo wa ti wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, àwọn ọmọ ti sáré ṣíwájú, àfi bá a ṣe débẹ̀ tá ò bá òkun. Mo ní òkun ò sí ńbẹ̀! Iyanrìn funfun ló lọ salalu, àwọn ọkọ̀ apẹja fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí ilẹ̀, a wá ń gbọ́ ìró ìgbì lọ́ọ̀ọ́kán níbi tí àpáta iyùn ti dá a dúró. Ọmọ mi obìnrin bú sẹ́kún, ó ní ta ló gbé òkun lọ.

Òṣùpá ló gbé e lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ lòkun ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló ń fà, wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ ló wà láàárín kíkún àti fífà, tílẹ̀ bá sì tún mọ́ á fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju tàná lọ. Tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ tàbí tó bá kún, ìgbà yẹn ló ń fà jìnnà jù, pàápàá níbi tí ìsàlẹ̀ òkun bá ti tẹ́jú bíi ti Jambiani. Mo pa gbogbo ohun tí mo kọ rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, òkun ló ń sọ ohun tá a máa ṣe fún wa: tó bá kún a wẹ̀, tó bá fà a rìn, tí oòrùn bá mú a sùn. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà tẹ́ ẹ bá fẹ́ rìn níbẹ̀ o, ẹ̀dá òkun dúdú kan wà nínú omi tó ní ẹ̀gún gígùn bí abẹ́rẹ́, tó bá gún èèyàn lẹ́sẹ̀ kì í ṣe eré.)

Rírìn yẹn ni màmá mi fẹ́ràn jù. Wọ́n á ká ìró sókè dé orúnkún, wọ́n á fa ọmọ lọ́wọ́, omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò ju kókósẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin abúlé yẹn ń gbin koríko òkun síbẹ̀, láti 1989 ni wọ́n ti ń gbìn ín tà lérékùṣù náà, wọ́n á kan igi kéékèèké mọ́lẹ̀, wọ́n á na okùn láàárín wọn, wọ́n á wá so ewéko náà mọ́ okùn ní ṣíṣù ṣíṣù. Ohun tó ń yọ̀ tí wọ́n ń rí nínú ẹ̀ ló ń mú ọṣẹ ìfọyín àti áìsìkiríìmù ki. Màmá bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ kan ọ̀kan, ẹsẹ̀ wọn yọ̀ lórí òkúta, obìnrin tó wà nítòsí ké pé, "Pole, mama!" Màmá mi dáhùn pé, "Ẹ ṣé o," kí wọ́n tó wá yíjú sí mi, "Àbí Yorùbá lèyí ń sọ ni?" Ẹ ò rí nǹkan, "pole" lédè Swahili, pẹ̀lẹ́ náà ni, "pole pole" sì ni pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́! Inú màmá dùn débi pé kò sẹ́ni tí wọn ò kí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan péré la jáde lọ jìnnà, a wọkọ̀ ojú omi láti Stone Town, àtijọ́ ìlú Zanzibar, lọ sí erékùṣù kékeré kan tó ń jẹ́ Changuu láti wo àwọn ìjàpá ńlá tí wọ́n kó àwọn àkọ́kọ́ wọn wá láti Seychelles ní 1919. Wọ́n fi ọ̀dà kọ ọjọ́ orí wọn sí wọn lẹ́yìn, òmíràn ti ju 100 ọdún lọ. Ó dáa, ṣùgbọ́n kíá làwọn ọmọ ti ń bi mí pé ṣé òkun wa ò tíì kún.

Nítorí pé bàbá wọn ń kọ́ ọmọkùnrin wa láti léfòó ni. Bàbá tó jẹ́ pé fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ nílé, òun ló dúró sínú omi tó mù ún dé àyà, àtẹ́lẹwọ́ kan lábẹ́ ẹ̀yìn ọmọ, ó ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, tó bá ti fẹ́ yọ ọwọ́ ọmọ á ká ẹsẹ̀ jọ, á rì. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ọjọ́ márùn-ún, kò pariwo mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ kẹjọ, aago mẹ́wàá àárọ̀ yẹn gan-an tá a débẹ̀ tá ò bá omi, òkun ti sún padà wá bá wa. Òṣùpá ti di ìlàjì, òkun náà ò wá kún rẹpẹtẹ, ó kàn wà ńbẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Bàbá ẹ̀ gbé e lé ọwọ́, ó kà á dé ẹ̀ta, ó yọ ọwọ́. Ọmọ ò rì. Ojú ẹ̀ dijú, etí ẹ̀ méjèèjì wà nínú omi, ikùn ẹ̀ ń lọ sókè sódò, èmi gan-an ò lè mí. Màmá mi dìde lórí iyanrìn, wọ́n fọwọ́ méjèèjì bo ẹnu bíi gbohùngbohùn, wọ́n ń pè é: "Pole pole, ọkọ mi! Pole pole!"